Lẹ́tà sí Ìyá Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú àdúrótì. Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún tó ń dùn yín ti ń rọlẹ̀.

Ẹ bi mí lọ́jọ́sí pé ìgbà wo ni àwọn ọmọ àti bàbá wọn yóò wá bá mi. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju èyí tí a lè sọ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibí ti pàṣẹ pé ẹni tó bá gba físà wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ kó ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́, òfin náà sì ká mi mọ́ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dé. Ìwé ìgbélùú títí lọ, tí a máa ń gbà lẹ́yìn ọdún 5, ni mo gbójú lé pé n ó fi kó wọn wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọdún 10 fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́: bí ẹnìkan bá ti fi àhesọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp lóru, oníkálukú á dìde jókòó. Mò ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní máa fi òru ṣọ́ òfin tí n kò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Màmá kan wà tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, á fi báàgì kọ́ apá, á dúró sẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ òun ń bọ̀ wá mú òun, bẹ́ẹ̀ ọkọ ọ̀hún ti kú tipẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé kí a má ṣe bá a jiyàn, nítorí bí o bá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú, lójú tirẹ̀ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ńṣe ni mo máa ń dúró tì í, tí n ó bi í pé irú ènìyàn wo ni ọkọ rẹ̀, òun náà á sì máa ròyìn bí ọkùnrin náà ṣe ń jó. Kí ìròyìn tó parí, ó ti bọ́ ẹ̀wù òtútù náà fúnra rẹ̀, ó sì ń bi mí pé tíì òun dà.

Bí mo ṣe fẹ́ kó rí láàárín èmi àti ẹ̀yin tó wà nílé nìyẹn. Bàbá àwọn ọmọ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ fẹ́ mú àkọ́bí mi kúrò nílé-ìwé tó wà, ṣùgbọ́n ẹ ń wojú mi. Ẹ má wojú mi mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá ti ilé-ìwé dé. Ẹ jọ pinnu, kí ẹ kàn sọ iye owó fún mi. Owó ni ipá mi ká, n ó sì máa rán an. Àwọn kan ládùúgbò yóò ní mo ti gbàgbé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí mo pè wọ́n, n kò béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, n kò sì sọ irú irun tí ẹ ó di fún wọn. Àbúrò àkọ́bí mi ló fi gbogbo àkókò pa ìtàn ìjàpá tí ẹ pa fún un, ó tún fi tirẹ̀ lé e, pé ìjàpá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Leeds.

Òfin kankan kò dí mi lọ́wọ́ àtiwá kí yín. Mo ti ń fi owó ọkọ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ de ìgbà ìsinmi mi. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé kó fi orúkọ ilé-ìwé tuntun náà ránṣẹ́, bí ẹ bá ti fẹnu kò.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́