Ìkéde fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kọ pátákó, tó sì ń tẹ̀wé ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ la ó pàdé, níbi tí a máa ń jókòó sí. Owó oṣù nìkan kọ́ la ó sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ pátákó ni: báwo ni ẹni tó wà nínú dánfó ṣe máa kà á tán kí ọkọ̀ tó kọjá?

Pátákó kan wà lójú ọ̀nà Ṣágámù tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, fọ́tò mẹ́rin, lẹ́tà yẹ́lò lórí funfun, nọ́ńbà fóònù sì há sí ìsàlẹ̀ bí èèrà. Oníbàárà ti sanwó, ta ló máa rí nọ́ńbà yẹn pè? Ó dùn mí gan-an. Àwa ló yẹ ká sọ fún un pé kó yọ díẹ̀ kúrò, bó tilẹ̀ fajú ro.

Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Harry Beck ṣe bẹ́ẹ̀ ní London. Ní 1931, ó ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀: ó na gbogbo ọ̀nà tó wọ́, kò sì ya títì ìlú sí i, nítorí ibi tí èrò máa wọkọ̀ àti ibi tó máa sọ̀ ló ń wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aráàlú ní 1933, ìlànà rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò.

Kí kálukú mú iṣẹ́ kan tó ti ṣe dání, pẹ̀lú páálí àti pẹ́ńsùlù. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílé. A ó gbé iṣẹ́ náà kọ́ ara ògiri, a ó sún sẹ́yìn dáadáa. Èyí tí a kò bá rí kà, a ó jọ tún un yà. Ẹ mú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wá, wọn kò ní san kọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́