Òfin àti Àwọ̀ Ara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Bí ọ̀rọ̀ òfin tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà bá délẹ̀ n'Ìbàdàn, Amẹ́ríkà nìkan la máa ń tọ́ka sí. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ní Bùràsíìlì, òfin ọdún 2012 ya ìdajì ààyè yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ilé ìwé girama ìjọba, wọ́n sì ń fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìpín nínú ààyè yìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní ìpínlẹ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọ̀ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni èrú ti ń wọlé. Ìkànìyàn Faransé kì í tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà. Báwo wá lèèyàn ṣe fẹ́ fi ìrẹ́jẹ tí wọn ò kà hàn nílé ẹjọ́? Abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa Nàìjíríà, tó lòdì sí ìrẹ́jẹ, dárúkọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn, kò dárúkọ àwọ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ fi kún un.

Òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn