Kì í ṣe agbára atẹ́gùn nìkan la fi ń wọ omi o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi kite, ìyẹn aṣọ ńlá tí atẹ́gùn ń gbé fò tó sì ń fa èèyàn, sáré lórí òkun ni mo bá wá, ọ̀pọ̀ wọn, bí atẹ́gùn ṣe lágbára tó nìkan ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ibi tó ń fẹ́ sí. Èyí tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú òkun ló ń tan èèyàn jù, omi etíkun á pa lọ́lọ́, ẹ ó rò pé kò séwu, àmọ́ tí kite bá já bọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ń gbé yín lọ sójú agbami nìyẹn. Èyí tó ń fẹ́ wọlẹ̀ tààrà náà ò dáa, ó lè gbé èèyàn lu àpáta. Èyí tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun ló sàn jù. Tójò bá ti ṣú, ẹ tètè sọ kite kalẹ̀ jàre.

Ẹ̀yin òǹwòran náà, okùn tó so kite mọ́ ẹni tó ń lò ó lè gùn tó mítà 20 sí 25, ẹ yéé jókòó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lọ! Àwọn tó ń bójú tó etíkun ńkọ́, ṣé pátákó kan tó máa sọ ibi tí omi ti ń fà lágbára ti wọ́n jù ni?