Owó Tí O Fi Ránṣẹ́ fún Tanímọ̀la

Gáréèjì Ọ̀ffà,
Ìlọrin.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú òtútù Kánádà o. Àwọn ọmọ ń kọ́? Bàbá wọn ń kọ́? Owó tí o fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú Tanímọ̀la, ajá mi, dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Àlàmísì tó ṣáájú rẹ̀ la sin ín. O pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó ti fóònù, mò ń wò ó bó ṣe ń dún, mi ò lè gbé e. Má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì ṣeé fi ẹnu sọ, ni mo fi ní kí n kọ ọ́.

Bí mo ṣe rí i gan-an ni mi ò tíì rò fún ọ rí. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀, mo sá sábẹ́ ibòòji ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ajá kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Èkúrú ti jẹ irun ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti kán rí, ó sì jinná ní wíwọ́. Eégbọn so jìgbìnnì sí etí rẹ̀ méjèèjì. Kò gbó mi, kò sì sá. Ó kàn gbé àgbọ̀n lé bàtà mi, ó di ojú. Ajá bàbá yín ní Òró ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tó máa ń sìn wá dé ilé ìwé, tí o máa ń bu ẹ̀kọ rẹ fún ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá jẹ́ ti ìyẹn, bóyá ǹ bá ti kọjá lọ nígbà tí òjò dá.

Bàbá Ìbejì yarí nígbà tí mo mú un délé. Ó ní ajá kò gbọdọ̀ wọ ilé tí a ti ń kírun. Ààfáà tó ń gbé yàrá iwájú ló bá mi dá sí i. Ó ní nínú mẹ́sáábì, ìyẹn ìlànà ẹ̀sìn, ti Ìmáàmù Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé níbí, ara ajá kì í ṣe ẹ̀gbin. Ó wá rán an létí ọkùnrin inú hàdíìsì yẹn, ẹni tó rí ajá tí òùngbẹ mú un lá ẹrẹ̀, tó padà sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún un, tí Ọlọ́run sì torí bẹ́ẹ̀ foríjì í. Bàbá Ìbejì ò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé páànù àti pákó wálé, ó kan ilé fún ajá lẹ́yìn kíṣìnì. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn nípa rẹ̀.

Dókítà ẹran gún un lábẹ́rẹ́ títí èkúrú fi lọ. Kí oṣù kẹwàá tó parí, irun rẹ̀ ti padà, ó pupa bí epo. Ká ní o rí i nígbà náà! Tí ọmọbìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà bá ṣì wà ní ìkòríta, Tanímọ̀la ti mọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sáré pàdé rẹ̀, yóò wá jókòó ṣinṣin níwájú igbá. Ọmọ yẹn ò jẹ́ tà fún mi kó má kọ́kọ́ gé díẹ̀ fún un.

Ọyẹ́ wá dé. Ó mú gan-an lọ́dún yìí, ètè gbogbo wa bó. Lọ́jọ́ Àtìní kan, ẹ̀jẹ̀ jáde nímú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì. Lọ́jọ́ kejì ó jáde nímú Tanímọ̀la. Ọyẹ́ ni mo kà á sí. Mo bu òrí, mo fi pa á nímú. Àṣàkẹ́, odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń pa òrí.

Nígbà tí dókítà ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì rẹ̀ funfun bí ògì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ kò ju 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tó yẹ kó tó 37 ó kéré tán. Ó ní àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá ni. Eégbọn a bù ú jẹ, kòkòrò rẹ̀ a wọlé, a sì lè lúgọ sínú ara fún oṣù tàbí ọdún kó tó ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń sáré pàdé oníwàrà, ó ti wà lára rẹ̀.

Wọ́n fún wa ní oògùn doxycycline ọlọ́jọ́ 28. Kò fẹ́ gbé e mì, ni mo bá ń tì í sínú wàrà. Ọjọ́ kẹrin ni dókítà tó gbọ́, ó ní wàrà kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa, kí n lo ẹyin sísè. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà bóyá ìyẹn ló pa á, tàbí òrí ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní rárá, egungun ti ṣíwọ́ iṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ imú tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, mo máa ń gbà á gbọ́. Lóru, ọkàn mi kì í gbà.

Ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn ló kù tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára, òun ni mo fi ké sí ọ. Sátidé ni wọ́n dá fún wa. Lálẹ́ Àlàrùba ó ti hàn sí mi pé a ò ní bá Sátidé. Mo gé wàrà fún un. Ó lá omi ara rẹ̀, ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Ó lọ kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Bàbá Ìbejì gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi máńgòrò, Ààfáà jáde wá dúró tì wá. Ìyá kan ládùúgbò ní ṣebí ajá ni. Mi ò dá a lóhùn.

Owó rẹ pé síbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ajá márùn-ún ṣì ń sùn lábẹ́ tábìlì alákàrà yẹn, mo lọ kà wọ́n lánàá. Dókítà ní eégbọn yìí a máa sá pamọ́ sínú sísán ara ògiri, abo kan ṣoṣo sì lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, nítorí náà a ní láti fín ògiri, ká sì tọ́jú ajá pa pọ̀. Ó ti gbà láti bá mi lọ síbẹ̀, kó sì gún wọn lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n ná an síbẹ̀? Bí o bá ní kí n dá a padà, màá dá a padà láìjanpata.

Kọ̀wé sí mi. Má tíì pè.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́