Oorun tó ń kùn yín nínú Ìjàpá yẹn, ẹ fura sí i

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, lórí ọkọ̀ Ìjàpá rẹ̀, Volkswagen àtijọ́ yẹn. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti ń jò, pé díẹ̀ náà ni, àti pé ìró rẹ̀ ń dùn mọ́ òun létí. Ẹ̀rín ni mo ń rín títí mo fi dé ibi tó ti sọ pé nígbà òjò, tí òun bá ti gíláàsì pa, oorun dídùn kan máa ń kùn òun nídìí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀ àtijọ́. Peugeot 504 ni mò ń wà níhìn-ín ní Iléṣà, èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ọ̀wọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ló rà á. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot lọ́dún 1975. Bí mo bá ń gbé e kọjá níwájú Ọjà Àtàkúmọ̀sà, tí àwọn àgbà ń yíjú wò ó, orí mi a máa wú bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Ìyàwó mi ní mo fẹ́ràn rẹ̀ ju òun lọ. N kò tíì rí èsì fún un.

Nígbà ọdún Àjíǹde, a lọ kó ìyá ìyàwó mi wá láti Ìbàdàn, tàwọn ti fìríìsà wọn. Fìríìsà náà kò wọlé tán, a fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ ọn, ó sì ṣí sílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì. Ọkọ̀ náà ti ń ké láti bí oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn. Tí mo bá tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, a máa dún ta-ta-ta bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá gbóná tán, a dákẹ́. Mẹkáníìkì mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín ló ti lu, pé irin tó bá gbóná máa ń wú, á sì dí ihò náà fúnra rẹ̀. "Tíṣà, kò séwu, ẹ fi lọ Èkó pàápàá." N ò bá a jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà ló sọ, nítorí owó.

A gba Ìwó Ròòdù jáde. Eruku pọ̀, a ti gíláàsì. Nígbà tí a dé Ìkirè, mo dúró ra dòdò Ìkirè. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jẹ́ fún yín: tó bá rí dòdò Ìkirè, kì í dúró kí wọ́n tú ọ̀rá rẹ̀, eyín ló fi ń ya á. Lọ́jọ́ náà, ó wò ó, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dádì, orí ń fọ́ mi." Ìyá àgbà ní oòrùn ni. Kí a tó dé Gbọ̀ngán, gbogbo wọn ti sùn lọ fọnfọn, mo sì ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà! Orí èmi fúnra mi ń lù kìkì níwájú, mo rò pé àìjẹun ni.

Nílé-Ifẹ̀ mo yà ra epo. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n na ara, a ṣe bí ìṣẹ́jú 15 níbẹ̀. Ojú wọn là. Ọmọ bèèrè dòdò rẹ̀, ó jẹ ẹ́. A padà wọnú ọkọ̀, a ti gíláàsì. A ò tíì dé Òṣú tó fi bì í sórí ìró ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní ibà ni. Aládùúgbò wa kan ní kì í ṣe ojú lásán, pé báwo ni èèyàn ṣe máa gbé fìríìsà tó tóbi tó yẹn wọ àdúgbò lọ́sàn-án gangan. Dókítà tí a lọ bá kò tíì fọwọ́ kan ọmọ tó fi bi mí pé ta ló tún ń ṣe nínú ọkọ̀. Mo ní gbogbo wa ni. Ó ní ibà wo ló máa mú odindi ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó máa fi wọ́n sílẹ̀ nílé epo, tó tún máa dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀? Ó ní kí n lọ wo abẹ́ mọ́tò mi.

Ohun tó ṣe wá kì í ṣe èéfín tó ń rùn. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni, tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Gbogbo wa ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀; a mọ̀ pé ẹni tó bá tan án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó sì tilẹ̀kùn sùn lè má jí mọ́. Òun náà ló ń ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jáde. Ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa máa ń gbá a mú ju bó ṣe ń gbá ọ́síjìn mú lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣe púpọ̀. Bí èèyàn bá sì bọ́ síta, wákàtí 4 sí 5 ni kí ìlàjì rẹ̀ tó kúrò lára. Ìṣẹ́jú 15 tí a fi na ara nílé epo, ojú wa nìkan ló là.

Ọkọ̀ òde òní ní ohun kan nínú sàlẹ́ńsà tó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó jáde. (Àwọn kan ti ń gé e tà báyìí; lẹ́tà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Tiwa tó ń lo kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kò ní in. Bó ṣe ti inú ẹ́ńjìnnì wá ló ń tú, pàápàá láàárọ̀ tí a bá fa ṣóòkù, ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tutù lè tàn.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo ní kí ó ṣe é lójú mi. Ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ó tan án, ó fi àkísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, èmi ń wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé páìpù. Níwájú, ọṣẹ hó wùrùwùrù lójú ibi tí a fura sí, ibẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àmọ́ ó tún ń hó níbòmíràn, lábẹ́ ìjókòó àárín. Wẹ́dà kan, bóyá láyé bàbá mi, ti fi agolo sadíìnì wé páìpù níbẹ̀, ó fi wáyà dì í. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀. Irin ilẹ̀ ti dípẹtà, ihò kan sì wà níbẹ̀ tó gba àtàǹpàkò mi. Ibi tí ọmọ yẹn máa ń gbé ẹsẹ̀ lé gan-an ni.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo so sílẹ̀ ló wá fi ata sí ọgbẹ́. Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ máa ń yí padà lẹ́yìn rẹ̀ ni, á máa fa èéfín wọlé, bí sàlẹ́ńsà ò tilẹ̀ jò rárá. Gásíkẹ́ẹ̀tì, páìpù tuntun àti irin tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ò tó owó epo tí mo fi lọ Ìbàdàn tí mo fi bọ̀.

Mo wá padà sí ọ̀dọ̀ yín, ará Lágere. Ìjàpá tiyín tún le ju 504 lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná nígbà òtútù, ara páìpù èéfín ló ti ń gbóná kó tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá yín. Bí páìpù bá lu níbẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló ń fẹ́ ẹ sí. Ẹ lè má fọwọ́ kan ọ̀pá tí wọ́n fi ń ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná náà rí láyé yín. Bó bá ti há síbi tó ṣí, ó ṣí náà nìyẹn. Ẹ yé ti gíláàsì títí ẹ ó fi tún un ṣe, kódà bí òjò bá ń pa yín. Ẹ má sì gbé ọmọ kankan sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ nílé-Ifẹ̀ wá ṣe òkú ọ̀rẹ́ mi kan. Bí ẹ bá fi ilé yín ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Olóòtú, màá yà lọ́dọ̀ yín láago méje àárọ̀ tèmi ti àkísà àti omi ọṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kí n tó dé. Ó gbọ́dọ̀ tutù.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan ní Iléṣà