Lẹ́tà sí Àkànbí lórí àárẹ̀ tí kò lọ

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ìlú òyìnbó ọ̀hún o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ó ti tó oṣù 4 tí ó ti ń rẹ̀ ọ́, pé bí o bá jí láti ojú oorun, ńṣe ló ń dà bíi pé o kò sùn rárá. O ti mu ògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò 2, o ti lo ògùn ibà, kò sì sí ìyàtọ̀. O wá ní bóyá ọjọ́ orí ló dé. Rárá o. Ẹni ọdún 46 kì í ṣe arúgbó. Àárẹ̀ tí ìsinmi kò bá ti wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan ló ń fà á, ohun náà ni kí a wá kí a tó tún ra ògùn kankan.

Gbé ibà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo mọ̀ pé òun la máa ń kọ́kọ́ fura sí nílé, òun àti taifọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n o kò tíì wálé láti ọdún 2 sẹ́yìn, ara rẹ kò gbóná, òtútù kò mú ọ gbọ̀n. Àárẹ̀ lásán fún oṣù 4 kò jọ ibà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kí o fara balẹ̀ kà. Obìnrin ń ṣe nǹkan oṣù, ó ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ dín. Ọkùnrin kò ní irú ọ̀nà yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹun kánú bá dín, tí irin inú ara rẹ̀ sì tán, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni pé, ibo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ? Inú ikùn àti ìfun ló sábà máa ń jẹ́. O sọ pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ nítorí àpótí tí ẹ ń gbé níbi iṣẹ́, pé ibuprofen ni o ń gbé mì, 2 láàárọ̀, 2 lálẹ́. Ògùn yẹn lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, kí ọgbẹ́ náà máa sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé inú ń run ọ́. Máa wo ìgbẹ́ rẹ. Bí ó bá dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń lẹ̀ mọ́ abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì ń rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ti dà nínú ikùn ni. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, má ṣe dúró de ọjọ́ Ajé.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ni o rí, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa wá sí ọ lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, mo bẹ̀ ọ́, má fẹnu kàn án. Ọtí inú rẹ̀ ń ta ọgbẹ́ inú, ó sì ń ba oorun jẹ́.

Sọ fún GP rẹ, dókítà àdúgbò yín, pé kí wọ́n wo haemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) àti ferritin. Bí haemoglobin ọkùnrin bá wà nísàlẹ̀ 130 lórí ìwé àyẹ̀wò tiyín (13 ni tiwa níbí), ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ferritin ló ń sọ bí irin tó wà nípamọ́ ṣe kù sí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 30, ó ti tán. Láti wá ẹ̀jẹ̀ tó fara sin nínú ìgbẹ́, wọ́n lè fún ọ ní ike kékeré kan tí ọ̀pá tínrín wà lára ìdérí rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ni kí o fi ha ojú ìgbẹ́ kí ìgbẹ́ tó kan omi, kí o tì í padà sínú ike, kí o dé e pinpin, kí o sì tètè fi ránṣẹ́. Ìtìjú máa ń mú kí àwọn ọkùnrin fi í pamọ́ sínú àpótí. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Láìmọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, fífi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni gbogbo ògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá fún ọ ní ferrous sulphate 200 mg (ògùn irin), ẹyọ 1 lójúmọ́ tó. Omi tàbí omi ọsàn ni kí o fi gbé e mì kí o tó jẹun; kí tíì, kọfí àti mílíìkì fi wákàtí 2 jìnnà sí i. Yóò sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ bí ọ̀dà. Má sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara bá yá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, a ṣì ń lò ó fún bí oṣù 3 sí i kí ìpamọ́ lè kún.

Èyí tó kàn, ìyàwó rẹ ni kí o bi. Ṣé o ń hanrun? Ṣé ìhanrun náà máa ń dákẹ́ lójijì fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò? Ẹran ọ̀fun ló ń dẹ̀, tó ń dí ọ̀nà èémí. Ọpọlọ á ta ọ́ jí díẹ̀ kí o lè mí, ìwọ kò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì lè ṣẹlẹ̀ nígbà 30 láàárín wákàtí 1. O fi wákàtí 8 dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n oorun rẹ kò tó. Ẹnu á gbẹ, orí á máa fọ́ ọ láàárọ̀, wàá máa dìde tọ̀ lóru. Bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ bá ti kọjá ínṣì 17, fura gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe àwọn tí kò sanra náà. Ilé ni o ti lè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀: wọ́n á fún ọ ní ẹ̀rọ kan tí o máa há mọ́ ìka sùn. Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí oorun bá ń kùn ọ́ nídìí ọkọ̀, má wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru mọ́. Bọ́ọ̀sì ni kí o wọ̀.

Iṣẹ́ òru fúnra rẹ̀ tó rẹ ènìyàn. Bí o bá ń ṣíwọ́ ní aago 6 àárọ̀, kí kọfí àti ohun mímu agbára má kọjá aago 1 òru, nítorí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ta kọ́tìnnì tó nípọn sójú fèrèsé, kí o sì máa sùn ní àkókò kan náà.

Nígbà tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú (HbA1c, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó bá tó 48 ti wọ ti àtọ̀gbẹ), àti kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, TSH (ti ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn), HIV àti hepatitis B (kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́), tó pọ̀ láàárín àwa tí wọ́n bí sílé. Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí òógùn ń bò ọ́ lóru, tí o sì ń rù, sọ fún wọn. Ògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, bíi atenolol, ń mú kí ó rẹ ènìyàn. Má dá a dúró fúnra rẹ, ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ testosterone (èròjà ọkùnrin) tí wọ́n ń polówó, má gbà á láìṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, láàárín aago 7 sí 11 àárọ̀. Ó ń dá àtọ̀ dúró láti máa ní irúgbìn nínú, o sì ní ẹ ṣì fẹ́ bí ọmọ kan sí i.

O kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù kò wù ọ́ wò mọ́, pé ohun kékeré ni o fi ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí jù. Ìsoríkọ́ ọkùnrin kì í sábà jáde bí ẹkún. Ìbínú àti àárẹ̀ ló máa ń gbé wọ̀. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí gan-an. Bí èrò àtikú bá sì wá sí ọ lọ́kàn, pè mí, ì báà jẹ́ aago 3 òru.

Kọ ọ́ sínú bébà kí o tó lọ: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ, gbogbo ògùn tí o ń lò títí kan àgbo. Àyè tí wọ́n máa fún ọ lọ́dọ̀ dókítà kò pọ̀. Ibuprofen yẹn, jáwọ́ nínú rẹ̀ láti òní, paracetamol ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Bí èsì bá dé, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí a jọ kà á.

Kí ìyàwó rẹ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adéṣínà