Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ń bá Ìyá Gáná tẹ lẹ́tà

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yẹn ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ má bínú pé mi ò pè. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí gùn ju èyí tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, tá a bá sì ti pe ara wa ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ iná la ó máa sọ títí, àyè ò ní sí fún òmíràn mọ́.

Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Bùàké, Bọ̀ọ̀dá wa tó wà ní Côte d'Ivoire, ló fà á, èyí obìnrin tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní irú èèyàn wo ni ìyá bàbá òun, torí bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ wọn púpọ̀, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ omi á lé sójú ẹ̀, á sì dákẹ́. Yorùbá ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, Faransé ló pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi béèrè, ìyẹn sì wú mi lórí gan-an. Mo fẹ́ fèsì, mo wá rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa Ìyá Gáná, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yín ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo máa ń jókòó sórí àpótí, tí Ìyá á máa sọ, tí ẹ̀yin á máa tẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí nìyẹn.

Ṣé ẹ rántí bí kọ̀ǹpútà yẹn ṣe dé? Owó èésú yín lẹ fi rà á. Ẹnìkan tó mọ Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, dáadáa ló bá yín yàn án, Compaq tòkunbọ̀, Windows 98 ló wà nínú ẹ̀, hard disk ẹ̀ gìgábáìtì 4 péré, èèyàn sì ń bi yín nígbà yẹn pé kí lẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀ tó máa kún! Sikirín ẹ̀ wúwo débi pé èèyàn méjì ló gbé e sọ̀ nínú mọ́tò ní Tàkíè l'Ógbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ project àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, lẹ tìtorí ẹ̀ rà á, torí táípúráítà ò pé yín mọ́, tí olùkọ́ wọn bá ti fi bírò pupa ya nǹkan sí àárín ìwé, ẹ máa tún odindi ojú ewé yẹn tẹ̀ látòkè délẹ̀ ni, ẹni tó ni iṣẹ́ ò sì ní fẹ́ san kọ́bọ̀ lé e.

Bátìrì pélébé tó ń bá a mú ọjọ́ àti aago dání ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án, á kọ́kọ́ dúró, á ní ká tẹ bọ́tìnì F1 kí òun tó máa lọ, á sì máa pariwo ọdún 1998 bí a tilẹ̀ ti wà ní 2001. Èmi lẹ gbé iṣẹ́ F1 yẹn fún. Àwọn ọmọ yòókù nínú agboolé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, èmi nìkan, kí n fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n tẹ F1, kí n sún sẹ́yìn. Àǹtí mi, mi ò tíì sọ ọ́ fún yín rí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí mò ń jẹun lórí ẹ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí NEPA bá sì ṣe tiwọn, tí iná bá lọ lójijì tó tún dé, sikirín búlúù ScanDisk á yọ, á máa yẹ inú hard disk wò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwa á sì kóra jọ máa wo ìlà tó ń kún nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló wà nílé wa ṣá. Wáyà tẹlifóònù NITEL ò dé agboolé, ta ló fẹ́ fà á débẹ̀. Kafé ní Under G, ládùúgbò LAUTECH, èyí tó ní díìṣì ńlá lórí òrùlé, ibẹ̀ lẹ ń lọ. Wákàtí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ḿbà sí fún yín, tẹ́ ẹ bá ti wọlé báyìí aago igun sikirín ti ń jẹ owó yín nìyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì báà yá ì báà má yá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń tẹ lẹ́tà Ìyá sílẹ̀ nílé nínú Word, tẹ́ ẹ ó fi sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ó gun ọ̀kadà lọ, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ kàn máa kọpí ẹ̀ sínú Yahoo ni, ó parí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú mi dání, mo ríi tí ojú ewé Yahoo ń ṣí látòkè wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ lẹ lẹ́tà náà mọ́bẹ̀, ẹ tẹ Send, ẹ wá yíjú sí mi pé ó ti dé Bùàké. Mo wo gbogbo àwọn tó jókòó lábẹ́ fáànù níbẹ̀, tí oníkálùkù ń tẹ tiẹ̀, mo ní ṣé gbogbo ìwọ̀nyí náà ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ni. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn.

Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ bí Ìyá ṣe ń sọ lẹ́tà. Wọn kì í jókòó. Wọ́n á dúró sẹ́yìn yín, wọ́n á di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n á kọ́kọ́ ki Bọ̀ọ̀dá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ẹ ó máa bẹ̀ wọ́n pé Màmá ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìka mi ò yá tó ẹnu yín. Ọjọ́ kan ni wọ́n rí ìlà pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí Word ń fà sídìí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n ní ta ló ń fàlà pupa sí ọ̀rọ̀ òun. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ni, Màmá, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ní ṣé ẹ ò lè kọ́ ọ ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á títí tẹ́ ẹ fi rí i, ẹ pa á, ìlà pupa ò sì tún padà wá mọ́. Èsì tí Bọ̀ọ̀dá bá fi ránṣẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní kafé, ẹ ó fi bírò fi àmì sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á fún wọn, torí ẹ ò fẹ́ kí ohùn yín kọsẹ̀ níbì kankan.

Gbogbo àdúgbò rò pé torí owó ni Ìyá ṣe ń kọ lẹ́tà tó bẹ́ẹ̀, pé ọmọ òkè òkun ń fi nǹkan ránṣẹ́. Rárá o. Ẹ̀yin àti èmi la mọ̀ ọ́n. Tàmálè ní Gáná ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní November 1969 ni ìjọba Busia ní kí àjèjì tí ò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọjọ́ 14 tàbí kó kúrò ní Gáná. Ọjọ́ 14! Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ látìgbà èwe. Ìyá fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè táwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì já àbúrò wọn sọnù lójú ọ̀nà, mọ́tò tí oníkálùkù wọ̀ yàtọ̀, ọdún bí mélòó kan ni wọn ò fi mọ̀ bóyá ó wà láyé. Kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀hún nìkan ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n fi béèrè.

Nítorí náà nígbà tó di September 2002, tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire lọ́jọ́ 19, tí rédíò sọ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba Bùàké, Ìyá ò sunkún, wọ́n kàn jókòó. Nọ́ḿbà ṣọ́ọ̀bù tí Bọ̀ọ̀dá fún wa ò lọ. GSM ti lé lọ́dún kan ní Nàìjíríà nígbà yẹn, 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan nínú ilé níbí, ti òkèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì ń pè é náà, ẹ̀ ń pè é, kò lọ. Ojoojúmọ́ lẹ ń lọ sí Under G. Tẹ́ ẹ bá wọlé dé, Ìyá ò ní bi yín, wọ́n á kàn wo ọwọ́ yín bóyá ìwé wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tó dé yẹn, èmi ni mo tẹ̀ lé yín. Ímeèlì náà wá láti àdírẹ́sì tí a ò mọ̀, kò ní àkọlé. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé:

Qlqqfiq ni ,o zq

Ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó kafé yọjú sí i, ó ní vírọ́ọ̀sì ni, kẹ́ ẹ pa á rẹ́ kíá. Ẹ ní kó fún yín láyè. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù, ẹ ò tẹ nǹkan kan, ẹ̀ ń wo sikirín, ẹ̀ ń mi ìka kọ̀ọ̀kan ní ipò ẹ̀, mo ríi tí ẹnu yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ní, "Àlàáfíà ni mo wà. Àlàáfíà ni mo wà ló kọ."

Ìgbà tá a délé lẹ tó ṣàlàyé fún mi. Kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé ò rí bíi tiwa, ibi tí A tiwa wà Q ló wà níbẹ̀, ibi tí W wà Z ni, ẹ̀gbẹ́ L ni wọ́n fi M sí, kọ́mà ló sì wà níbi tí M tiwa wà. Bọ̀ọ̀dá sì ti kọ́ṣẹ́ táípúráítà níbí kó tó rìnrìn àjò, kì í wo ọwọ́ tó bá ń tẹ nǹkan, ìka ẹ̀ kàn ń lọ síbi tó mọ̀ ni. Àwọn lẹ́tà tó ń wá tẹ́lẹ̀, ọmọ kafé ọ̀hún ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń mọ́ tónítóní. Èyí tó dà rú yìí, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tẹ̀ ẹ́. Ó ti sá dé Yamoussoukro, ìdààmú ò sì jẹ́ kó gbójú sókè wo ohun tó ń kọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá bi yín nígbà tẹ́ ẹ kà á tán. Wọ́n ní, "Ta ló bá a kọ ọ́?" Torí èèyàn lè kú kí ẹlòmíì kọ̀wé lórúkọ ẹ̀. Ẹ ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ló fi kọ ọ́, Màmá, ìka ẹ̀ ni mo rí." Wọ́n gba ìwé náà, wọn ò mọ̀wé kà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ká a, wọ́n wé e mọ́ ìdí ìró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó jẹ láfún.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó dùn, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí Yahoo Messenger àti àwọn géèmù tí wọ́n ń gbá nígbà yẹn. Èmi ò rò pé ohun kan náà la jọ ń rántí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń tú yàrá ẹ̀yìn kẹ́ ẹ lè gba ayálégbé sí i, pé àwọn tó ń ti báró kiri ra irin àlòkù sì ti wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Compaq yẹn lọ. Àpótí Yahoo tẹ́ ẹ ń lò ò sí mọ́, mo ti gbìyànjú ẹ̀, wọ́n máa ń pa èyí tẹ́nì kankan ò bá ṣí fún ọdún kan. Àti pé ká tó wọ 2004 tí Gmail dé pẹ̀lú gìgábáìtì 1 tí Yahoo náà fi fẹ àyè tiẹ̀, àyè kékeré ni wọ́n ń fún èèyàn, ẹ sì máa ń pa èyí tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ jáde rẹ́ kí òmíràn lè rí ibi wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá sọ, nílé lẹ ti tẹ̀ ẹ́. Inú hard disk yẹn ló wà. Mo rántí orúkọ wọn pàápàá, torí Word ló máa ń fi ìlà àkọ́kọ́ sọ wọ́n lórúkọ, Omo mi owon, Omo mi owon2, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára wọn ò ní ṣe é gbára lé torí bátìrì yẹn, a ó fi ọ̀rọ̀ inú wọn tò wọ́n.

Ẹ má ṣe ki í síná o, kódà kẹ́ni kẹ́ni sọ pé òun kàn fẹ́ dán an wò. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lè jó. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò ní sìmẹ́ǹtì torí ọ̀rinrin, kí wọ́n fi nǹkan bò ó. Mo ti ra wáyà tí wọ́n fi ń so irú hard disk àtijọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, èmi fúnra mi ni màá tú u, màá kọpí gbogbo ẹ̀ síbi méjì kí n tó ṣí ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Àwọn lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí Ìyá fi bá Bọ̀ọ̀dá wí gan-an, ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn àti ti ìyàwó àkọ́kọ́. Mi ò ní fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ọmọ náà láìjẹ́ pé ẹ̀yin àti Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tó máa jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń ki bàbá ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń sọ ti Tàmálè, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kà á sókè kí n gba ohùn yín sílẹ̀, torí ọmọ náà ò lè ka Yorùbá tí ò ní àmì, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ bí Ìyá ṣe ń sọ ọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ ni màá wọlé, bóyá ní ọ̀sán. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń tẹ F1.